Ìbọn Ìléwọ́ Onírin Tó Ti Kúrò Lórí Àtẹ: Èwo Ló Yẹ Kí Wọ́n Tún Máa Rọ, Èwo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Rà?

Ìgbà tí ike gba ọjà ìbọn ìléwọ́ ní Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ìbọn onírin tó dára bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí àtẹ. Smith & Wesson 3913 àti 5906 lọ, Browning Hi-Power lọ, SIG P228 lọ, HK P7 lọ, Ruger P89 náà lọ. Àwọn tó ní wọn kì í fẹ́ tà wọ́n. Àwọn tí kò ní wọn ń béèrè ìdí tí ilé iṣẹ́ kò fi tún rọ wọ́n. Èrò mi kò farasin: ọ̀kan wà nínú wọn tó yẹ kó padà kíákíá, ọ̀kan ti padà débi pé kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni máa wá àtijọ́ rẹ̀ mọ́, ọ̀kan sì wà tó yẹ kí a jẹ́ kó sinmi. Bí ẹ̀yà ara wọn ṣe ṣeé rí, tó sì ṣeé pààrọ̀, ni mo fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra.

Òfin ló ṣáájú owó

Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun ìjà tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 1997 fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ aráàlú. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí òfin sì fún láyè láti rà, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Kí ẹ sì ṣọ́ra: ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn lábẹ́ òfin àpapọ̀, àfi bó bá bọ́ sínú ìyọ̀ǹda díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀, irú bíi ti ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ti gba green card lè rà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀. Ní Texas, ìjọba kò ka iye ọta tí magasíìnì, ìyẹn àpótí ọta inú ìbọn, ń gbà. Ní California, New York àti New Jersey, mẹ́wàá ni òpin, Maryland náà kò sì gbà kí wọ́n ta èyí tó ju mẹ́wàá lọ. Ẹni tó ń gbé ní Maryland yóò tún gba ìwé ẹ̀rí pàtàkì kó tó lè ra ìbọn ìléwọ́ kankan. Ẹ má sì dán an wò láti di èyíkéyìí nínú wọn sínú ẹrù bọ̀ wá sílé.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ẹ̀yà ara ni mo kọ́kọ́ ń wò. Fírémù irin lè pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ, ṣùgbọ́n sípíríǹgì inú rẹ̀ máa ń rọ̀, ètè magasíìnì máa ń là, èékánná tí ń fa kòròfo ọta jáde sì máa ń jẹ tàbí kó ṣẹ́. Ìbọn tí kò sí ibi tí a ti lè rí nǹkan mẹ́ta yìí rà ti di ohun ọ̀ṣọ́, bó ti wù kó dán tó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìbọn tí wọ́n bá tún rọ, tí magasíìnì rẹ̀ kò sì wọ inú ti àtijọ́, orúkọ nìkan ló padà.

Ìkejì ni owó, kì í sì í ṣe owó ìbọn nìkan. Ẹ fi magasíìnì mẹ́ta, sípíríǹgì tuntun àti ó kéré tán igba ọta tí ẹ máa fi dán an wò kún un. Ìkẹta ni bóyá ó ń yìn láìkọ́lẹ̀. Ìkẹrin ni bó ṣe bá ọwọ́ àti ìlò ẹni mu: ìbọn tó dára nínú àpótí lẹ́bàá ibùsùn lè jẹ́ ìyà fún ẹni tó fẹ́ máa gbé e sára láti àárọ̀ dalẹ́.

Kí ló lé wọn lọ?

Iye tí wọ́n fi ń rọ ọ́ ni. Fírémù ike, wọ́n á dà á gbóná sínú ohun ìdà, láìpẹ́ ó ti jáde. Fírémù irin tàbí alumíníọ̀mù, wọ́n á kọ́kọ́ rọ òkìtì rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á máa gbé e láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, kí àgbà oníṣẹ́ tó wá fi fáìlì tún ibi tí kò bára mu ṣe. Nígbà tí Glock dé Amẹ́ríkà ní àárín ọdún 1980 sí 1989, ó ta iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá ní owó tí àwọn onírin kò lè bá a dù. Ó sì rọrùn láti kọ́ni: bákan náà ni tírígà rẹ̀ ṣe ń rí nígbà gbogbo. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbọn tí mo dárúkọ, fífà àkọ́kọ́ wọn gùn, ó sì wúwo, ó tó kílò márùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé e fúyẹ́, bíi kílò méjì. Ọlọ́pàá tí kì í yìnbọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ kì í mọ méjèèjì lò.

Ti Smith & Wesson tún ní ọ̀ràn mìíràn. Ní oṣù kẹta 2000, wọ́n bá ìjọba Ààrẹ Clinton ṣe àdéhùn lórí ìbọn, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì bínú, wọn kò ra ọjà wọn mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Tomkins tó ni ilé iṣẹ́ náà tà á ní mílíọ̀nù 15 dọ́là pẹ̀lú gbèsè ọrùn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń wá ọ̀nà àtijẹ kò ní máa rọ irin olówó iyebíye nígbà tí ike ń tà.

Nǹkan ti yí padà báyìí. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí lè di òkìtì alumíníọ̀mù mú lẹ́ẹ̀kan, kó gé ojú mẹ́rin rẹ̀ láìyọ ọ́. Smith & Wesson fúnra wọn fi hàn ní 2022, nígbà tí wọ́n gbé M&P9 M2.0 Metal jáde pẹ̀lú fírémù alumíníọ̀mù ní 899 dọ́là. Ẹnu kò lè sọ mọ́ pé irin kò ṣeé rọ ní iye tí èèyàn lè san.

Smith & Wesson 3913 àti 5906: èyí tó yẹ kó padà jù

Nọ́ńbà ara wọn ń sọ ohun tí wọ́n jẹ́, ó sì dára kí ẹ mọ̀ ọ́n kà kí ẹ tó lọ sọ́jà àlòkù. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ ìdílé: 39 jẹ́ ìbọn 9mm (ìwọ̀n ọta rẹ̀ nìyẹn) tí ọta rẹ̀ tò ní ìlà kan, 59 jẹ́ 9mm tí ọta rẹ̀ tò ní ìlà méjì. Nọ́ńbà kẹta ń sọ ìwọ̀n: 0 ni gbogboogbò, 1 ni kékeré, 4 sì ni èyí tí fífà rẹ̀ gùn nígbà gbogbo. Nọ́ńbà ìkẹyìn ń sọ irin: 3 ni fírémù alumíníọ̀mù pẹ̀lú sìláìdì (apá òkè tó ń sún síwájú sẹ́yìn) irin tí kì í dípẹtà, 6 ni irin tí kì í dípẹtà láti òkè délẹ̀. Nítorí náà, 5906 jẹ́ ìbọn ńlá onírin pátápátá, ó lé ní kílò kan, ó ń gba ọta 15. 3913 jẹ́ kékeré, nǹkan bíi 710 gíráàmù, ọta mẹ́jọ. Àwọn ọlọ́pàá àpapọ̀ Kánádà, RCMP, gbé 5946 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọlọ́pàá òpópónà California gbé 4006, ìbátan wọn tó ń yin ọta.40. Irin tó gba irú ìlò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọdé.

Ohun tó máa ń ṣe wọ́n kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n. Èkù wọn jẹ́ ike ẹyọ kan tó yí ẹ̀yìn fírémù ká, pín-ìn-nì kan ló dì í mú nísàlẹ̀. Bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, ó máa ń sán níbi pín-ìn-nì yẹn. Hogue ń ṣe èkù rọ́bà tó lè rọ́pò rẹ̀. Sẹ́fítì wọn, ìdènà tí kì í jẹ́ kí ìbọn yìn, wà lára sìláìdì, òkè ni ẹ ó tì í sí kí ìbọn tó lè yìn, èyí tó lòdì sí ohun tí àtàǹpàkò ẹni tó ti lo ìbọn Colt 1911 mọ̀. Bí magasíìnì kò bá sí nínú rẹ̀, kò ní yìn rárá, kódà bí ọta bá wà nínú ihò ọta. Ilé iṣẹ́ Wolff ṣì ń ta sípíríǹgì wọn, Mec-Gar sì ń ṣe magasíìnì 5906. Ẹ̀yà inú gan-an, irú bí èékánná àti àwọn ọwọ́ kéékèèké tó ń gbé hámà (òòlù kékeré tó wà lẹ́yìn ìbọn), ló ti ń wọ́n.

Ìdí tí mo fi fẹ́ kí 3913 padà ni pé kò sí ohun tó rọ́pò rẹ̀ lórí àtẹ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, fífà àkọ́kọ́ rẹ̀ gùn débi pé ẹni tó gbé e sábẹ́ aṣọ lè fọkàn balẹ̀, ọta mẹ́jọ rẹ̀ sì bá òfin gbogbo ìpínlẹ̀ tó fi mẹ́wàá ṣe òpin mu. Àwọn kan á sọ pé CSX tí wọ́n gbé jáde ní 2022 ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Kò ṣe é. Alumíníọ̀mù ni CSX lóòótọ́, ṣùgbọ́n hámà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dìde, sẹ́fítì nìkan ló dì í mú. Ẹni tí kò fẹ́ gbé ìbọn kiri bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá máa dá 3913 padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi magasíìnì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí sẹ́fítì rẹ̀ jẹ́ èyí tí ń sọ hámà kalẹ̀ tó sì ń fúnra rẹ̀ padà sókè, kí wọ́n sì gé orí sìláìdì fún awò tó ń tan àmì pupa. Hámà àti àwọn ọwọ́ inú rẹ̀ yóò fi nǹkan kún owó rẹ̀ ju ti M&P lọ; síbẹ̀, 1,000 dọ́là kò yẹ kó kọjá.

5906 ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó máa rà á ní tuntun. Ó wúwo fún ìgbànú, àlòkù tí àwọn ọlọ́pàá dá padà sì ṣì ń rìn lọ́jà ní nǹkan bíi 400 sí 500 dọ́là. Ẹ ra àlòkù.

Browning Hi-Power: ó ti padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dọ́gba

John Browning ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kú ní 1926, Dieudonné Saive ti ilé iṣẹ́ FN ní Herstal, Bẹ́ljíọ̀mù, ló parí rẹ̀, ó sì jáde ní 1935 pẹ̀lú ọta 13, èyí tó pọ̀ gan-an nígbà yẹn. Àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba lò ó títí di 2013 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Glock 17 rọ́pò rẹ̀. Nàìjíríà náà mọ̀ ọ́n: ilé iṣẹ́ ohun ìjà DICON ní Kàdúná rọ ẹ̀dà rẹ̀ ní orúkọ NP1. Ní 2018 ni ó hàn gbangba pé FN àti Browning ti parí pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti ní ọ̀kan báyìí. Springfield Armory gbé SA-35 jáde ní oṣù kẹwàá 2021 ní 699 dọ́là. Irin tí wọ́n rọ ni fírémù àti sìláìdì rẹ̀, ó ń gba ọta 15, magasíìnì àtijọ́ sì ń wọ inú rẹ̀. Wọ́n tún yọ ohun kan tó ti ń bí àwọn ayìnbọn nínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Hi-Power àtijọ́, ọwọ́ kékeré kan wà tó ń ti ara magasíìnì kí ìbọn má bàa yìn láìsí magasíìnì; bó ṣe ń ha magasíìnì náà ló ń sọ tírígà di ohun tó nira, tó sì ń lọ́. SA-35 kò ní i. Wọ́n tún hámà rẹ̀ ṣe kó má bàa máa bu ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là jẹ.

FN fúnra wọn dá tiwọn padà ní 2022, wọ́n pè é ní High Power, ọta 17, gbogbo bọ́tìnì àti ọwọ́ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún àti òsì, iye rẹ̀ lé ní 1,200 dọ́là. Ìbọn tó dára ni. Ṣùgbọ́n magasíìnì àtijọ́ kò wọ inú rẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀ kò sì bá ti àtijọ́ mu. Ó dùn mí láti sọ ọ́: ẹni tó ni orúkọ kọ́ ló dá ìbọn náà padà, àjèjì ni. Ẹni tí Hi-Power bàbá rẹ̀ ti ń jẹ eruku nílé kò ní rí ohunkóhun mú láti inú High Power tuntun, ṣùgbọ́n yóò rí magasíìnì àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà láti ara SA-35.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn ará Tọ́kì. MC P35 ti Girsan ń tà ní nǹkan bíi 500 sí 600 dọ́là. Ẹwà rẹ̀ kò tó ti Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ ó sì rí ojú ẹ̀rọ lára irin inú rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ máa yìn ín lópin ọ̀sẹ̀, ó tó.

Ẹni tó bá tún takú pé Bẹ́ljíọ̀mù ni òun fẹ́, kó wá Mark III, ọ̀kan lára irú Hi-Power tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Ohun ìfojúsùn rẹ̀ tóbi, sẹ́fítì rẹ̀ ṣeé tì, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń dá abẹ́rẹ́ ìbọn dúró títí a ó fi fa tírígà. Àwọn tó ṣáájú 1962 ní èékánná tó wà nínú sìláìdì, ó sì ṣòro láti rí òmíràn tó bá ṣẹ́. Ẹ wo eyín orí ọ̀pá ìbọn àti ihò tí wọ́n ń kọ́ sí lábẹ́ sìláìdì: bí etí wọn bá ti yípo, tí wọn kò mú mọ́, wọ́n ti fi ọta tó le jù lù ú, ẹ fi sílẹ̀.

SIG P228 àti P225

P228 jẹ́ ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní orúkọ M11. Fírémù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, ọta 13, bíi 825 gíráàmù. Sìláìdì rẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́nà tí kò wọ́pọ̀ mọ́: páànù irin nípọn tí wọ́n ká, tí wọ́n wá fi pín-ìn-nì kan ìdí rẹ̀ mọ́ inú. Pín-ìn-nì yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Bí ó bá ti ń yọjú, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ ìbọn ṣe kí ẹ tó yìn ín. Alumíníọ̀mù fírémù kì í fẹ́ gbígbẹ: ẹ fi gírísì díẹ̀ sí ipa tí sìláìdì ń gbà, kí ẹ sì pààrọ̀ sípíríǹgì ńlá rẹ̀ bí ẹ bá ti yìn tó ọta 5,000. Sípíríǹgì tó ti rọ̀ ni ó máa ń jẹ́ kí sìláìdì fi orí gbá fírémù títí yóò fi sán.

SIG ti dán ìpadàbọ̀ wò. M11-A1 jáde pẹ̀lú sìláìdì tí wọ́n gé láti inú irin líle, P225-A1 sì dé ní 2015. P225-A1 kò pẹ́ lórí àtẹ: ọta mẹ́jọ ní iye tó ga, nígbà tí P229 ti ilé iṣẹ́ kan náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò rí ìdí tí P228 yóò fi padà níwọ̀n ìgbà tí P229 bá wà. Èkù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, sìláìdì P229 sì le ju ti P228 lọ.

P6 tí àwọn ọlọ́pàá Jámánì lò, tí í ṣe P225, ni àlòkù tó dára fún ẹni tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Etí hámà rẹ̀ ní igun kan tí wọ́n gé jẹ, tó máa ń tẹ̀ bí ìbọn bá já bọ́ lulẹ̀, kí ọ̀gá ọlọ́pàá lè mọ̀. Bí ó bá ti tẹ̀, ẹ béèrè ìtàn rẹ̀. Àwọn P6 àtijọ́ kan kì í gbé ọta olórí ihò wọlé dáadáa, torí ọta olórí róbótó ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹ fi irú ọta tí ẹ fẹ́ máa gbé gan-an dán an wò.

HK P7: ẹ jẹ́ kó sinmi

Kò sí ìbọn tó jọ ọ́. Iwájú èkù rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ kan tí ẹ ó fi ìka mẹ́ta fún pọ̀ pẹ̀lú agbára bíi kílò méje. Bí ẹ bá fún un, ìbọn ti múra. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, ó ti sinmi, kò sì ní yìn. Ọ̀pá rẹ̀ kì í mì rárá, èyí ló mú kó péye tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọta bá yìn, díẹ̀ nínú gáàsì rẹ̀ máa ń gba ihò kékeré wọ sílíńdà kan lábẹ́ ọ̀pá, ó ń ti pístìn tó di sìláìdì mú fún ìgbà díẹ̀ kó má bàa yára ṣí jù. Ọlọ́pàá Bavaria ní Jámánì àti GSG 9, ikọ̀ àkànṣe ọlọ́pàá Jámánì, lò ó. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ New Jersey gbé P7M8.

Ìmọ̀ yẹn kan náà ni ìṣòro rẹ̀. Sílíńdà gáàsì wà lókè tírígà gan-an. Bí ẹ bá yin magasíìnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra, ibẹ̀ á gbóná débi tí ìka kò ní lè gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé M8 ní ohun ìdènà ooru. Ọta olórí òjé tí kò ní aṣọ bàbà kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, torí òjé á dí ihò gáàsì yẹn. Sílíńdà náà fẹ́ kí a máa fi irinṣẹ́ pàtàkì fá èérí inú rẹ̀. Rírọ gbogbo rẹ̀ ń jẹ irin, ó ń jẹ àkókò. Wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní nǹkan bíi 2008, M8 tó mọ́ sì ti lé ní 2,000 dọ́là lọ́jà àlòkù. Bí HK bá tún rọ ọ́ lónìí, owó rẹ̀ á jọ ti wúrà, àwọn tó ń kó nǹkan jọ nìkan ni yóò rà á. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ wọn ni ẹ̀yà ara: sípíríǹgì, pístìn àti abẹ́rẹ́ fún àwọn tó wà nílẹ̀.

Ruger P89

Ó rí gẹ̀dẹ̀gbẹ̀, kò lẹ́wà, ó sì lágbára bí ẹran ọ̀sìn. Alumíníọ̀mù tí wọ́n dà ni fírémù rẹ̀, ọta 15, nǹkan bíi 900 gíráàmù. Ìdílé P rẹ̀ parí ní 2013. Kò sí ìdí fún un láti padà, torí ohun tó fi borí àwọn yòókù ni owó pọ́ọ́kú, tuntun kò sì lè ní ìyẹn mọ́. Àlòkù rẹ̀ ń tà ní 300 sí 400 dọ́là. Ọ̀kan ni ìkìlọ̀: P85, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ṣe láàárín 1987 sí 1990. Ruger pè wọ́n padà, torí bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti ṣẹ́, ó lè yìn nígbà tí ẹ bá ń sọ hámà kalẹ̀. Èyí tí wọ́n ti tún ṣe ní lẹ́tà R lára sẹ́fítì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí kò bá sí R, ẹ má yìn ín. Ẹ kàn sí ilé iṣẹ́ náà.

Ohun tí àwọn tó ti padà ń kọ́ wa

Beretta fi 80X Cheetah hàn ní 2023: fírémù alumíníọ̀mù, ó ń yin ọta .380, ọta 13, 799 dọ́là. Wọ́n fi ìrísí rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tún tírígà rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fún un ní ojú ibi tí iná lè so mọ́. Colt náà dá Python, ìbọn tí àgbá ọta mẹ́fà rẹ̀ ń yí, padà ní 2020, ẹ̀yà inú rẹ̀ sì dín ní 14 sí ti àtijọ́. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí: ìrísí kan náà, inú tó rọrùn láti rọ.

Ti Walther PPK burú díẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1968 kò jẹ́ kó wọlé torí ìwọ̀n rẹ̀, ìdí tí Walther fi fi sìláìdì PPK lé fírémù PP tó ga díẹ̀, tí wọ́n pè é ní PPK/S. Lẹ́yìn náà ni Smith & Wesson ń rọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kejì 2009 wọ́n pe gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe láti 2002 padà, torí ó lè yìn bí hámà bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn lọ́jà, kó mú nọ́ńbà rẹ̀ lọ béèrè kó tó sanwó.

Bí ẹ ṣe máa yẹ àlòkù wò

Ẹ yọ magasíìnì, ẹ fa sìláìdì, ẹ wò ó, kí ẹ sì fi ìka kan inú ihò ọta. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé hámà dìde, ẹ fi àtàǹpàkò tì í síwájú láìfọwọ́ kan tírígà: kò gbọdọ̀ wó. Ẹ ti pẹ́ńsù sínú ọ̀pá, ìdí tó ní rọ́bà sínú, kí ẹnu ọ̀pá kọjú sókè. Bí ìbọn náà bá ní ohun tí ń sọ hámà kalẹ̀ (Hi-Power kò ní in), ẹ lò ó: pẹ́ńsù kò gbọdọ̀ mì. Wàyí o, ẹ gbé sẹ́fítì kúrò, ẹ fa tírígà: pẹ́ńsù gbọ́dọ̀ fò. Fún 3913, 5906 àti Hi-Power àtijọ́, ẹ fi magasíìnì òfìfo sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pẹ́ńsù kò ní fò, ẹ ó sì rò pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ tú u. Lára alumíníọ̀mù, ibi tí àwọ̀ ti ṣí tó ń dán kì í ṣe àìsàn. Kòtò tí èékánná ọwọ́ lè kọ́ ni àìsàn. Ẹ wo yíká ihò tí pín-ìn-nì ìdádúró sìláìdì ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni sísán ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rà á, ẹ pààrọ̀ sípíríǹgì ńlá àti ti magasíìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí kò sí ẹni tó mọ iye ọta tó ti yìn. Igba ọta láìkọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ sàmì sí magasíìnì kọ̀ọ̀kan: bí ó bá kọ́, magasíìnì ló sábà máa ń fà á.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tí kò tíì ní ìbọn rí, tó sì fẹ́ irin: SA-35 kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ fún un, torí hámà gbọ́dọ̀ wà lókè kó tó lè yìn. P229 tuntun ni, tàbí M&P9 Metal bó bá fẹ́ kí tírígà máa rí bákan náà. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn, tó sì fẹ́ máa yìn ín, kó ra SA-35. Kó fi Bẹ́ljíọ̀mù sílẹ̀ fún ẹni tó ń kó nǹkan jọ. Àgbàlagbà tí ọ̀pá ìbọn ńlá ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbé 80X wò, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fa sìláìdì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó fẹ́ kan fún ilé, tí owó rẹ̀ kò ju 500 lọ: 5906 tàbí P89, pẹ̀lú àpótí irin oníkọ́kọ́rọ́ tí ọmọdé kò lè ṣí. P7 wà fún ẹni tó ti ní àwọn mìíràn, tó sì mọ ẹni tó lè tún un ṣe.

Ẹni tó ń gbé ní Maryland, New Jersey tàbí California, tó fẹ́ gbé ìbọn tẹ́ẹ́rẹ́ sára, 3913 àlòkù ni, ní nǹkan bíi 500 sí 700 dọ́là, bó bá rí èyí tí èkù rẹ̀ kò tíì sán. Ará California nìkan ni kó mọ̀ pé ọwọ́ aládàáni tó jẹ́ ará ìpínlẹ̀ náà ló ṣeé ṣe jù kó ti rí i rà. Ẹ má dúró de tuntun. Ẹ ra èyí tó wà, kí ẹ sì ra magasíìnì mẹ́rin, èékánná kan, sípíríǹgì méjì àti èkù kan sílẹ̀ báyìí tí wọ́n ṣì wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá kọ̀wé sí Smith & Wesson pé ẹ ṣì fẹ́ ẹ.